Ẹnu Ìwé àti Ìbúra Ìgbàgbé

Ẹ fara balẹ̀ jókòó, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, kí ẹ sì dúpẹ́ pé kò sẹ́ni tó ní kí ẹ gbàgbé bí wọ́n ṣe ń kà á. Ìlú kan wà láyé ìgbà kan, nígbà tí àwọn èèyàn pàtàkì ṣì ń gun ẹyẹ ńlá rìnrìn àjò, tí ọkùnrin kan níbẹ̀ gbà pé òun nìkan ni Ẹlẹ́dàá dá ẹnu fún. Orúkọ oyè rẹ̀ ni Ẹnu Ìwé. Ó ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó gorí oyè ló kéde pé orúkọ náà ti kéré jù fún òun, ó sì pàṣẹ kí gbogbo ìlú gbàgbé rẹ̀. Wọ́n gbàgbé rẹ̀ lóòótọ́. Èmi náà ti wá orúkọ yẹn títí, n kò rí i.

Àṣà ìlú náà kò le. Ìwé Ńlá kan wà nínú tẹ́ńpìlì wọn, lórí àga ìwàásù tó ga. Láràárọ̀, Ẹnu Ìwé á gun àga yẹn, á ṣí ojú ewé kan, á kà á sókè, ohun tí ojú ewé náà bá sì wí ni gbogbo ìlú máa ṣe títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bó bá ní kí wọ́n gbálẹ̀, wọ́n á gbálẹ̀. Bó bá ní kí wọ́n dárí ji ara wọn, àwọn tọkọtaya tó ń jà á kùn díẹ̀, wọ́n á dárí jìn, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀ ìjà wọn láàárọ̀ ọjọ́ kejì níbi tí wọ́n bá a dé.

Ṣùgbọ́n kí Ẹnu Ìwé tó gun àga, ẹ ò rí nǹkan! Akígbe tẹ́ńpìlì á kọ́kọ́ bọ́ síwájú, á fẹ àyà, á ní:

"Ẹ dákẹ́! Ẹ wólẹ̀! Ẹni tó bá fẹ́ húkọ́, kó lọ hú u nílé bàbá rẹ̀! Ẹnu Ìwé ń bọ̀! Ojú Tí Kì í Ṣẹ́! Ahọ́n Tí Kì í Kọsẹ̀! Fìtílà Tó Ń Tanná fún Oòrùn!"

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ẹmẹ̀wà á wọlé. Ọ̀kan á gbé fìlà rẹ̀, fìlà gogoro tí wọ́n to ìyẹ́ sí. Ọ̀kan á gbé tìmùtìmù tó fẹ́ fi ẹsẹ̀ lé. Ọ̀kan kò gbé nǹkan kan, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa sunkún ayọ̀ nígbàkigbà tí Ẹnu Ìwé bá kọjá níwájú rẹ̀. Iṣẹ́ rere ni o, ẹ má fojú tín-ín-rín rẹ̀. Oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ni.

Ẹ wá sún mọ́ mi díẹ̀, kí n sọ ọ̀rọ̀ àṣírí fún yín. Ojú Ẹnu Ìwé kò ríran nítòsí mọ́. Bí ẹyẹ bá bà lé orí ẹnubodè, ó lè sọ fún ẹ bóyá akọ ni tàbí abo. Ṣùgbọ́n gbé ìwé síwájú rẹ̀, eèrà ló máa rí. Ojú àgbà lásán ni, ó ń ṣe gbogbo ayé. Ní àwọn ìlú yòókù, awò ojú ni wọ́n ń fi sí i, ọ̀rọ̀ á sì bùṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ẹnu Ìwé wà lọ́dọ̀ọ́, tí ojú rẹ̀ ń kọ mànà, ó ti wàásù ńlá kan pé ẹni tó bá ń lo awò ojú, Ẹlẹ́dàá ló ń bínú sí ojú rẹ̀. Ó lé ẹni tó ń ta awò jáde nílùú, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Báwo ló ṣe fẹ́ wá gbé awò sójú báyìí? Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́.

Ọgbọ́n tó wá dá ni pé ó fi àbúrò rẹ̀ sábẹ́ àga ìwàásù. Àpótí kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń kó àbẹ́là sí tẹ́lẹ̀. Àbúrò yìí jẹ́ akọ̀wé tẹ́ńpìlì, èèyàn pẹ̀lẹ́, olùfọkànsìn tí kì í já omi mu láìgbàdúrà sí i. Ohùn rẹ̀ kéré débi pé Jẹ́jẹ́ ni gbogbo ìlú ń pè é. Jẹ́jẹ́ á ti kọ ojú ewé òní sílẹ̀ láti alẹ́, á ká ara rẹ̀ sínú àpótí, á máa sọ ọ̀rọ̀ náà díẹ̀díẹ̀, ẹ̀gbọ́n á sì máa fi ohùn ńlá gbé e jáde lókè. Wọ́n ti ṣe é títí, ó ti mọ́ wọn lára.

Àfi lọ́jọ́ tí òtútù mú Jẹ́jẹ́.

Ọ̀fun rẹ̀ wú, ohùn rẹ̀ sì wọlẹ̀ pátápátá. Ẹnu Ìwé ṣí Ìwé, ó fi ẹsẹ̀ kan àpótí, kò gbọ́ nǹkan kan àfi "hẹ̀ẹ̀". Ó tún kàn án. "Hẹ̀ẹ̀." Àwọn èèyàn ń wò ó. Ó gbójú sókè, ó wo ojú fèrèsé, ó rí ewúrẹ́ kan tó ń kọjá lọ ní òdìkejì ọjà, kedere. Ó la ẹnu:

"Báyìí ni Ìwé wí! Ẹ máa kí ewúrẹ́! Bí ẹ bá pàdé rẹ̀ lọ́nà, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ kí kí ẹ tó kí èèyàn. Nítorí pé... nítorí pé ó ní irùngbọ̀n!"

Ẹni tó ń sunkún bú sẹ́kún. Ìlú túká, wọ́n sì lọ ń kí ewúrẹ́. "Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹ jí dáadáa? Àwọn ọmọ ńkọ́?" Àwọn ewúrẹ́ náà fẹ́ràn rẹ̀, ìgbéraga bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ wọ́n. Aránṣọ pàdé ìyá ìyàwó rẹ̀ àti ewúrẹ́ kan lójú ọ̀nà kan náà, ó sì kọ́kọ́ kí ewúrẹ́, bí Ìwé ṣe wí. Ìyá yẹn wò ó sókè sódò.

"Ṣé ewúrẹ́ ló fún ẹ níyàwó?"

Wọ́n parí ìjà yẹn tipátipá.

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin tó ń gbá tẹ́ńpìlì wá bá Ẹnu Ìwé, ó kúnlẹ̀, ìgbálẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ o. Mo ń nu eruku lára Ìwé lánàá, mo wá wo ojú ewé yẹn. Bí wọ́n ṣe ń tún òrùlé ṣe ló wà níbẹ̀. N ò rí ewúrẹ́ kankan."

Ẹnu Ìwé wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan ń gbọ́. "Ta ló kọ́ ẹ níwèé?"

"Búrẹ́dì ni, Bàbá."

Kì í ṣe pé orí obìnrin náà dàrú. Òótọ́ ló sọ. Ní òpópónà tó kọjú sí kànga, opó kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìyá Oníbúrẹ́dì. Ọkọ rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ààrò ńlá kan mọ́ ara ògiri ilé wọn kí ibà tó pa á, ààrò náà ni gbogbo àdúgbò sì ń lò. Olúkúlùkù á po ìyẹ̀fun tirẹ̀ nílé, á gbé e wá fún Ìyá kó bá òun yan án. Ìjà wá pọ̀ nígbà kan. Bí búrẹ́dì bá ti jáde, èyí tó wú dáadáa, gbogbo wọn ló máa ń sọ pé tàwọn ni. Èyí tó fìdí jóná, kò ní ìyá, kò ní bàbá. Ìdí nìyẹn tí ọkọ rẹ̀ fi gbẹ́ òǹtẹ̀ igi, lẹ́tà kan lórí òǹtẹ̀ kan, tí wọ́n fi ń tẹ lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ iṣẹ́ oníkálukú sórí búrẹ́dì rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ gba A. Aránṣọ náà fẹ́ A. Ó di pé kí wọ́n fi lẹ́tà kún lẹ́tà kí búrẹ́dì má bàa pàdánù olówó rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn èèyàn ṣe mọ lẹ́tà tiwọn, wọ́n mọ ti aládùúgbò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í so ó pọ̀. Lẹ́yìn tí ọkọ kú, Ìyá ń tẹ odidi ọ̀rọ̀ sórí búrẹ́dì tirẹ̀ tó ń tà, nítorí inú rẹ̀ ń dùn bó bá rí i tí àwọn èèyàn dúró lójú pópó tí wọ́n ń kà á kí wọ́n tó bù ú jẹ. Ìjà ló sọ àdúgbò yẹn di ọ̀mọ̀wé.

Ẹnu Ìwé kò sùn. Láàárọ̀, ó ní kí wọ́n lu agogo, kí tọmọdé tàgbà wá. Ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ yẹn gùn débi pé àwọn kan sùn, wọ́n jí, wọ́n sì bá a níbi tí wọ́n fi í sí. Díẹ̀ rèé níbẹ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, tí mo fẹ́ràn ju bó ṣe tọ́ sí yín lọ! Àjàkálẹ̀ kan ti wọ ìlú. Ó gba ẹnu wọlé, ó ti dé ojú! Wọ́n ń fi àmì sí búrẹ́dì, wọ́n ní lẹ́tà ni. Lẹ́tà kẹ̀? Inú Ìwé ni lẹ́tà ń gbé, kì í gbé inú ikùn! Àmì òkùnkùn ni. Kò sí ọmọ èèyàn tó lè kà á. Èmi pàápàá, tí mo lè ka ohun tí wọn ò tíì kọ, n kò lè kà á!"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yẹn pamọ́ síbì kan.

"Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá mọ ìwé kà nílùú yìí gbọ́dọ̀ wá síwájú pẹpẹ, kó gbé ọwọ́ lé òkúta, kó mu omi tútù, kó sì búra pé òun ti gbàgbé. Ẹni tó bá búra tí kò gbàgbé, ahọ́n rẹ̀ á gbẹ! Gbogbo yín ni o! Olówó, tálákà, àlejò, onílé. Èmi nìkan ni mo yọ sílẹ̀."

Jẹ́jẹ́ yọ orí láàárín àwọn tó wà níwájú. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé gbogbo wa?"

"Gbogbo yín! Bí mo bá sọ pé gbogbo, ṣé díẹ̀ ni mo ń sọ?"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin náà gbádùn àtẹ́wọ́ yẹn gan-an, kò sì wo ojú àbúrò rẹ̀.

Bí ìbúra ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ń sunkún ló kọ́kọ́ búra, Jẹ́jẹ́ tẹ̀ lé e. Obìnrin tó ń gbá tẹ́ńpìlì búra, ó sì gbójú kúrò níbi tí Ìwé wà. Apẹja béèrè pé, "Bàbá, lẹ́tà méjì péré ni mo mọ̀. Ṣé kí n gbàgbé méjèèjì ni àbí kí n ṣì máa lo ọ̀kan?" Wọ́n ṣèpàdé lé e lórí. Alágbẹ̀dẹ búra tirẹ̀ tán, ó dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ti kọ "Ẹ pa ilẹ̀kùn dé" sára ilẹ̀kùn, ó sì rọra pa á dé. Wọ́n sáré pè é padà kó wá tún búra.

Ó wá kan Ìyá Oníbúrẹ́dì. Ó gbé ọwọ́ lé òkúta, ó mu omi, ó gbé ife kalẹ̀.

"Sọ ọ́," ni Ẹnu Ìwé wí.

"Bàbá, n ò tíì gbàgbé. Bí mo bá ní mo ti gbàgbé, irọ́ ni mo pa, inú ilé Ẹlẹ́dàá sì nìyí."

"Gbàgbé nísinsìnyí!"

"Mo ti ń gbìyànjú ẹ̀ láti àárọ̀, Bàbá. Kò lọ."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ojú Ẹnu Ìwé pọ́n. Ó ní kí wọ́n fi amọ̀ dí ẹnu ààrò obìnrin náà. Ó ní Ìyá Alábẹ̀wò, ẹni tó ń bojú tó gbogbo tẹ́ńpìlì ilẹ̀ náà, ń bọ̀ láìpẹ́ láti yan ẹni tí yóò jẹ́ Ẹnu Ìwé fún gbogbo ìlú etí odò. Lójú ìyá yẹn ni Ìyá Oníbúrẹ́dì máa gba ẹnubodè jáde, kò sì ní padà wá mọ́.

Obìnrin náà lọ sílé, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara ààrò. Ó tutù. Kò tutù rí láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kọ́kọ́ dáná sí i. Èèyàn lè di aṣọ, ó lè di òǹtẹ̀ igi, ṣùgbọ́n ta ló ń di ààrò sínú ẹrù? Ó jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì sunkún, kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń gba owó oṣù fún. Ó dùn mí fún un, n kò ní purọ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sí tẹ́ńpìlì. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ìbúra, Ẹnu Ìwé gun àga, ó ṣí Ìwé, ó fi ẹsẹ̀ kan àpótí. Kẹ́kẹ́ pa. Ó kàn án gidigidi. Kẹ́kẹ́ pa. Ó wo ojú fèrèsé, ó rí ọkùnrin kan lórí àkàbà, ó sì kéde pé lónìí, ojú fèrèsé ni kí oníkálukú gbà wọlé. Bó ṣe bọ́ sílẹ̀, ó fa àbúrò rẹ̀ wọ yàrá ìmúra.

"Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?"

"Mo ti gbàgbé, ẹ̀gbọ́n."

"O ti gbàgbé kí ni?"

"Ìwé kíkà. Ṣebí mo búra. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀."

"Jẹ́jẹ́! Ṣé èèyàn máa ń gbàgbé ìwé lóòótọ́ ni?"

"Ẹ̀yin lẹ ní ó ṣeé ṣe, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní bí mi ò bá gbàgbé, ahọ́n mi á gbẹ. Ahọ́n yìí náà ni mo fi ń gbàdúrà."

"Mo pàṣẹ fún ẹ kí o rántí!"

Jẹ́jẹ́ ronú sí i, nítorí kì í fẹ́ ṣàìgbọràn. "Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ síwájú àwọn èèyàn. Kí ẹ sọ fún wọn pé ẹ yọ èmi náà sílẹ̀, kí ẹ sì sọ ìdí tí ẹ fi nílò mi."

Ẹnu Ìwé la ẹnu, ó pa á dé. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnu náà ṣí tí ọ̀rọ̀ kò jáde.

Láti ọjọ́ yẹn, ojú fèrèsé ló di Ìwé Mímọ́. Ohunkóhun tó bá kọjá níta láàárọ̀, òun ni àṣẹ ọjọ́ náà. Ajá méjì kọjá, ó ní kí wọ́n máa rìn ní méjì-méjì, kí ẹni ẹ̀yìn máa gbóòórùn ẹni iwájú. Òjò rọ̀, ó ní kí wọ́n ti omi mọ́lé. Nínú ilé ìtajà, ẹni tó ń ta òróró kò gbọ́dọ̀ ka ara ìkòkò mọ́, ọtí kíkan ló bù fún àwọn tó fẹ́ tan fìtílà, òróró ló bù fún àwọn tó fẹ́ ọtí kíkan. Ààrò kékeré kan tó kù létí odi ìlú ni gbogbo wọn ń rọ́ lọ, kò sì sí òǹtẹ̀ lára búrẹ́dì. Alágbẹ̀dẹ fa búrẹ́dì kan lápá ọ̀tún, aránṣọ fà á lápá òsì. Ó já. Aránṣọ sì ti mọ̀ pé ìyá ìyàwó òun ń wò.

Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Alábẹ̀wò ṣe dé. Wọ́n ti ń retí arẹwà gíga kan pẹ̀lú ọ̀wọ́ ìránṣẹ́. Ìyá arúgbó kúkúrú kan ló sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹyẹ ńlá tó ń mí hẹlẹ, aṣọ rẹ̀ kún fún eruku, ó sì fi okùn so awò ojú mọ́ orí ara rẹ̀. Akígbe bẹ̀rẹ̀ sí í to oyè ọ̀gá rẹ̀. Ẹnu Ìwé gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀:

"Ìyá tó ju ìyá lọ! Oòrùn wa tó ràn lórí ẹyẹ! Bí èmi, fìtílà kékeré, bá..."

Ẹyẹ náà wo fìlà rẹ̀, ó wo ìyẹ́ orí rẹ̀. N kò mọ ohun tó rò pé ó jẹ́. Ó na ọrùn, ó mú fìlà náà, ó sì rọra gbé e sábẹ́ ara rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sàba.

"Má bínú, ọmọ mi," ni Ìyá Alábẹ̀wò wí. "Ó fẹ́ràn ọmọ ni." Ó wọ inú tẹ́ńpìlì, ó rí Ìyá Oníbúrẹ́dì tó dúró pẹ̀lú ẹrù lórí. "Wọ́n ní ìyá yìí ń fi ìlú sílẹ̀ lónìí. Kí ló ṣe?"

"Ó fi àmì òkùnkùn sí búrẹ́dì, Ìyá. Ìwé sì lòdì sí i."

"Bẹ́ẹ̀ ni? Ka ibẹ̀ fún mi."

Ẹnu Ìwé gun àga. Orí rẹ̀ ṣófo láìsí fìlà. Ó tẹ̀ mọ́ Ìwé, ó gbé ohùn sókè: "Báyìí ni Ìwé wí! Obìnrin tó bá fi àmì sí búrẹ́dì, kó gba ẹnubodè jáde, kó má sì wẹ̀yìn!"

"Ó mà dùn gbọ́ o. Tún un kà, etí àgbà ni mo ní."

"Báyìí ni Ìwé wí! Obìnrin tó bá po ìyẹ̀fun ní ìpòkupò, kó sọdá odò, kó mú... kó mú ewúrẹ́ kan dání!"

Ariwo kékeré sọ láàárín èrò.

"Ewúrẹ́ ti wọ̀ ọ́," ni Ìyá Alábẹ̀wò wí. "Ẹ̀ẹ̀kan sí i, jọ̀ọ́."

"Báyìí ni... Obìnrin, tàbí ọkùnrin, tó bá gba ojú fèrèsé..." Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀.

Ìyá arúgbó náà tú okùn orí rẹ̀, ó na awò ojú sí i. Ohùn rẹ̀ kò le rárá. "Gbà, ọmọ mi. Ojú àgbà ni. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe èmi náà."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wò ó! Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bó bá na ọwọ́ ni, ìtàn mi ì bá parí síbí, gbogbo wa ì bá lọ sílé.

"Ìyá! Ojú mi kò lárùn! Èmi ni Ojú Tí Kì í Ṣẹ́!" Ó sì ṣẹ́jú. "Ẹ fi ti Ìwé sílẹ̀! Ẹ wo búrẹ́dì náà fúnra yín! Ẹ gbé e wá!"

Wọ́n gbé búrẹ́dì ìkẹyìn tí Ìyá Oníbúrẹ́dì yan wá, ó ti le bí òkúta. Ìyá Alábẹ̀wò gbà á, ó gbé e lọ sí ẹnu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó yí i padà, ó gbé e sókè kí gbogbo èèyàn lè rí i.

"O ní kò sẹ́ni tó lè kà á?"

"Kò sí! Kò sí ọmọ èèyàn kankan tó..."

Ó gbójú wò ó láti orí àga. Ọ̀nà jìn díẹ̀ síra wọn, bó ṣe yẹ kó jìn gẹ́lẹ́. Lẹ́tà ńlá ńlá ni, wọ́n dúró, wọn kò sáré, wọn kò rá. Ó ti pẹ́ tí lẹ́tà ti dúró fún un báyìí gbẹ̀yìn. Ó gbàgbé Ìyá Alábẹ̀wò, ó gbàgbé oyè, ó gbàgbé ara rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ẹ̀yin èèyàn, inú rẹ̀ kàn dùn ni, ó sì kà á:

"'Ẹni tó bá lè ka èyí, kó bù fún ẹni tí kò lè kà á.'"

Ó tún un kà láìsí ẹni tó bẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ kan kò yí padà.

Ìgbà tó rẹ́rìn-ín músẹ́ tán ló tó rántí ibi tó wà. Apẹja ló kọ́kọ́ la ẹnu. "Bàbá, ẹ mà ní kò sẹ́ni tó lè kà á?" Ẹ̀rín bú. Àní ẹni tó ń sunkún rẹ́rìn-ín, ó dì mọ́ òpó kó má bàa ṣubú. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Ti èyí, orí búrẹ́dì ló gbà bá a.

"Lẹ́tà ni wọ́n," ni Ìyá Alábẹ̀wò wí. "Ẹnu Ìwé fúnra rẹ̀ ló jẹ́rìí. Ìyá Oníbúrẹ́dì, sọ ẹrù yẹn kalẹ̀, kí o lọ ṣí ààrò rẹ. Ìbúra yẹn, mo tú u ká." Ó wá yíjú sókè sí àga. "Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kí ojú àgbà má ríran, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n nítorí tìrẹ, o fẹ́ fọ́ ojú gbogbo ìlú. Sọ̀ kalẹ̀."

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ìyá Oníbúrẹ́dì kò dúró wò ó, ó ti ń sáré lọ sílé, ó fi ọwọ́ họ amọ̀ kúrò lẹ́nu ààrò, àwọn aládùúgbò sì ń bá a họ ọ́. Ohun tó yani lẹ́nu ni bí gbogbo ìlú ṣe yára rántí ìwé wọn lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Jẹ́jẹ́ nìkan ló ní òun ṣì gbàgbé, nítorí ẹ̀gbọ́n òun ni òun búra fún, ẹ̀gbọ́n òun kò sì tíì tú òun sílẹ̀. Wọ́n wá ní kí oníkálukú máa gba Ìwé kà lọ́jọ́ tirẹ̀. Obìnrin tó ń gbá tẹ́ńpìlì ló bẹ̀rẹ̀, ó ka ojú ewé òrùlé, wọ́n tún òrùlé wọn ṣe, nígbà tí òjò ńlá sì dé, ilé wọn kò jò.

Ẹnu Ìwé àtijọ́ wá di ẹni tí kò ní orúkọ. Oyè ti lọ, orúkọ tó ní tẹ́lẹ̀ sì nìyẹn tó ti pàṣẹ kí wọ́n gbàgbé. Bàbá Òdìkejì ni wọ́n ń pè é báyìí, nítorí pé láràárọ̀, ó máa ń dúró ní òdìkejì òpópónà, ní iwájú ṣọ́ọ̀bù Ìyá Oníbúrẹ́dì, níbi tó ti lè ka ara búrẹ́dì. Awò ojú ṣì ń tì í lójú. Àwọn èèyàn ń yọ ọ́ lẹ́nu. "Bàbá, igi gogoro má gún mi lójú, àbí?" Á ní, "Òkèèrè la ti ń wò ó, ẹ̀yin ọmọ burúkú!" Bí Ìyá bá to búrẹ́dì síta, á ka gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní ohùn ńlá, ọjà á sì tà. Mo sì ti rí Ìyá tó ń gbẹ́ òǹtẹ̀ tuntun, tí lẹ́tà rẹ̀ tóbi ju bó ṣe yẹ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Jẹ́jẹ́ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé búrẹ́dì kan sókè, ó kọ ojú rẹ̀ sí òdìkejì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́ mi."

Bàbá Òdìkejì ní, "Mo tú ẹ sílẹ̀, Jẹ́jẹ́. Rántí."

"Ẹ kọ́ mi náà."

Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lẹ́tà láti òdìkejì pópó, àbúrò ń tún un sọ jẹ́jẹ́. Nígbà tí wọ́n kà á tán, ẹ̀gbọ́n sọdá. Bó ṣe sún mọ́ búrẹ́dì ni lẹ́tà ń rá mọ́ ọn lójú, ó sì di eèrà, ṣùgbọ́n ó ti mọ ohun tó wí. Ó gbà á, ó bù ú sí méjì, ó fún àbúrò rẹ̀ ní èyí tó tóbi.

Jẹ́jẹ́ ní ẹ ṣé. Ó wá sún mọ́ etí rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe láti inú àpótí, ó sì sọ orúkọ tí ìyá wọn sọ ọ́ sí i. Ohùn rẹ̀ kéré jù, èmi kò gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mo rí bàbá náà tó fi búrẹ́dì bo ojú, lójú pópó, tó ń sunkún.